Ọ̀rọ̀ Tí Àwẹ̀ró Fẹsẹ̀ Tọ̀

Ẹ̀gúsí ni mò ń bó lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìwó lọ́jọ́ tí Kúdírátù ọmọ mi pè mí láti òkè òkun. Mo ti bó ìdajì igbá. Bó ṣe la ẹnu ni ọwọ́ mi dúró, ìdajì kejì yẹn kò sì di bíbó mọ́ títí mo fi rin ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ yìí.

"Màámi, ẹ wá mú Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún méje ni. Mo bi í pé ṣé ara ọmọ náà kò yá ni. Ó ní ara rẹ̀ yá, ìwé ni kò lè kà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka ìtàn fúnra wọn, òun kò tíì dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Kúdírátù àti ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì á máa jáde. Kò sí ẹni tó lè jókòó ti ọmọ.

"Kó wá máa bá yín gbé ní Ìwó," ó ní. "Bóyá lọ́dọ̀ yín, ọpọlọ rẹ̀ á là."

Mi ò bá a jiyàn. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ni mò ń tà lọ́jà, mo sì máa ń fi òwú ṣe ọnà sára fìlà fún àwọn tó bá fẹ́. Iṣẹ́ tí kò gba ariwo ni. N ò ní purọ́, inú mi dùn pé ọmọ ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó gbé Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀

N ò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti pápákọ̀ òfuurufú yọ yín lẹ́nu. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo wo ìta láti inú bàálù, mo rí ìkùukùu lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lóko, mo sì ka gbogbo súrà tí mo mọ̀.

Gbogbo ará àdúgbò wa ló ní Ìlú Ọba ni mò ń lọ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àṣé Wélsì ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwọn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní èdè tiwọn. Lára gbogbo pátákó ojú ọ̀nà, èdè tiwọn ló wà lókè, Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ń wo àwọn pátákó náà láti inú bọ́ọ̀sì títí ọrùn fi ń ro mí. Mo ń rò ó pé, ta ni ẹni àkọ́kọ́ tó láyà láti gbé Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀?

Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, àgùntàn sì wà lórí gbogbo wọn bí ìgbà tí ẹnì kan da ìrẹsì sílẹ̀. N kò rí darandaran kankan.

"Ta ló ń ṣọ́ wọn?" mo bi Kúdírátù.

"Òfin ló ń ṣọ́ wọn, Màámi."

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe bí ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ a máa gbẹ èèyàn lára kó tó máa lọ. Ti ibẹ̀ a máa wọnú egungun, á wá ibi jókòó sí. Síbẹ̀ ara àwọn èèyàn náà gbóná. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, títí kan àwọn ọmọdé. Mo rò ó wò: ní Ìwó, ìgbà wo ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà rí, àfi tó bá kù díẹ̀ kó pa mí?

Bàbá arúgbó kan ń gé òdòdó níwájú ilé tó kan ti Kúdírátù. Irun rẹ̀ funfun báláú. Bí mo ṣe rí i ni mo kúnlẹ̀ lórí òkúta tó tutù yẹn, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá ju sísọ́ọ̀sì nù. Ó sáré bọ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, ó ń gbé mi sókè.

"Ṣé ẹsẹ̀ yín kò kán? Kúdírátù, ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn!"

Kúdírátù ti ń rẹ́rìn-ín, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ohùn lò, ó ní, "Wọ́n ń kí yín ni. Bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn."

Bàbá náà wò mí. Ojú tì í, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ó ní orúkọ òun ni Ìdíríìsì. Mo ní, "Áà, mùsùlùmí ni yín!" Ó ní rárá, orúkọ ilẹ̀ àwọn ni, ti àwọn baba ńlá òun. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo òyìnbó tó ń jẹ́ Ìdíríìsì láìsí mọ́ṣáláṣí nítòsí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó di igi ọgbà mú, ó sì kúnlẹ̀ láti kí mi. Kò lè dìde mọ́. Èmi àti Kúdírátù la jọ gbé e.

Ewúrẹ́ orí òrùlé

Àwẹ̀ró fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ti ga ju bó ṣe rí lójú fóònù lọ, apá rẹ̀ tín-ín-rín. Nígbà tó dìde, ó ní:

"Màmá Ìwó, ṣé ẹ ti dé wá mú mi lọ?"

Kò sunkún. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò á rọ̀.

"Mo wá kí yín ni," mo ní.

"Irọ́ ni. Mo gbọ́ nígbà tí mọ́mì ń sọ ọ́."

"Àwẹ̀ró!" Kúdírátù pariwo. "Ta lò ń sọ fún pé irọ́ ni? Àgbà ni wọ́n ń sọ fún pé irọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá Ìwó," ọmọ náà ní. "Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì mi wà nínú dúrọ́ọ̀."

Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni Kúdírátù ti rà fún ìpadàbọ̀, tèmi àti ti Àwẹ̀ró. Ayọ̀ tí mo gbé wá láti Ìwó dín kù nínú mi níṣẹ̀ẹ́jú yẹn. Ọmọ tí wọ́n bá ń dá padà bí ọjà tí kò dára, ta ni inú rẹ̀ á dùn láti gbà á?

Oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi jẹ ni nǹkan dúdú kan tí Bàbá Ìdíríìsì gbé wá nínú àwo. Ó dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti sè títí tó fi yọ̀. Mo bu ṣíbí kan, mo rí i pé inú òkun ni wọ́n ti já a. Iyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ ìdáná. Mo gbé e mì, mo ní ó dùn, ó sì tún gbé òmíràn wá lọ́jọ́ kejì. Kúdírátù ní, "Màámi, ìwà rere yín á pa yín níbí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró mú ìwé kan wá jókòó tì mí. Ìtàn ewúrẹ́ kan tó gun òrùlé ilé ni. Ó fi ìka sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè. Ó ń yí ohùn padà: ohùn ewúrẹ́ yàtọ̀, ti onílé yàtọ̀. Mo pàtẹ́wọ́.

"Kúdí! Ta ló ní ọmọ yìí ò mọ̀wé?"

Kúdírátù jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ṣáà na ọwọ́, ó ṣí ojú ewé méjì papọ̀. Ìka Àwẹ̀ró kò dúró, ẹnu rẹ̀ náà kò dúró. Ní ẹnu rẹ̀, ewúrẹ́ ṣì ń gun àkàbà lọ sókè. Nínú àwòrán tó wà níwájú rẹ̀, ewúrẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń jẹ fìlà onílé.

Ó ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéwú ní Ìwó á mọ ìdí tí n kò fi rí ohun tó burú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe kọ́ ọ. Àfáà á ké e, àwa á gbè é, ìka wa á máa lọ lábẹ́ ìlà, yálà a mọ ohun tó wà níbẹ̀ tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ké e tí kò ṣì í ni wọ́n ń pè ní ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Ó ń bọ̀," mo sọ fún Kúdírátù. "Ẹnu ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n. Ojú á tẹ̀lé e."

"Màámi, ẹnu ti mọ̀ ọ́n láti ọdún tó kọjá. Ojú kò tẹ̀lé e."

Ẹyẹ aláwọ̀ ewé

Ní iléèwé Àwẹ̀ró, àwọn àgbà àdúgbò a máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti jókòó gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé. Ẹni tó bá ráyè ni. Bàbá Ìdíríìsì a máa lọ, òun ló sì mú mi dé ibẹ̀. Wọ́n gbé àga ọmọdé fún mi, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Olùkọ́ wọn ni Míìsì Béfánì, ọ̀dọ́bìnrin tí irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Ó bi mí ní orúkọ, mo sọ fún un. Lójú ẹsẹ̀ ó ní, "Ṣífáwù, ẹ káàbọ̀." Ara mi bù máṣọ. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Kúdírátù, ìyá mi nìkan ló ń pe orúkọ mi lásán bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó fi pè é kò jẹ́ kí n lè bínú. Ó tiẹ̀ ṣe mí bí ẹni pé mo tún di ọmọdé, lórí àga kékeré yẹn.

Ó kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹyẹ sára pátákó.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó sọ fún àwọn ọmọ. "Ẹ di ojú yín. Ẹ kọ́kọ́ rí ẹyẹ náà nínú orí yín. Àwọ̀ wo ló ní?"

"Tèmi pupa!"

"Tèmi ní ẹsẹ̀ kan!"

"Tèmi ń jẹ kòkòrò, kòkòrò náà sì ń wò mí!"

"Ó dára. Ẹ wá rí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ rí i? Ẹ la ojú, kí ẹ kọ ọ́."

Mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní irọ́ àwọn ọmọ yìí dùn. Nígbà tó kan Àwẹ̀ró, ó ní ẹyẹ tòun jẹ́ aláwọ̀ ewé. Èmi ń wò ó. Kò di ojú rárá. Ó yọjú wo páálí kíréyọ̀nù ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó sì sọ ohun tó rí.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì bá Míìsì Béfánì ṣàwàdà. Mo ní, "Àwọn ọmọ yín mọ irọ́ pa."

"Irọ́ wo?"

"Ti ẹyẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọn kò purọ́. Wọ́n ń rí i."

"Wọ́n ń rò ó ni."

"Wọ́n ń rò ó, wọ́n sì ń rí i, bí ìgbà tí èèyàn ń wo àwòrán. Èmi náà ń rí tèmi báyìí. Ó bà lé ọgbà, ìrù rẹ̀ ń mì."

Mo wo ibi tó ń wò. Kò sí ọgbà níbẹ̀. Ògiri ni. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣífáwù, ẹ di ojú yín," ó ní. "Ẹ ro ilé yín. Kí lẹ rí?"

Mo di ojú. Mo mọ̀ pé búlúù ni ilẹ̀kùn wa, pé ó ti họ nísàlẹ̀ níbi tí àwọn ewúrẹ́ ti ń fi ara nù ún. Mo mọ̀ pé kànga wà lọ́wọ́ ọ̀tún, igi máńgòrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ ń rí ilẹ̀kùn náà?"

"Rárá. Mo mọ̀ ọ́n ni. Òkùnkùn ni mò ń rí."

"Òkùnkùn nìkan?"

"Mo di ojú, àbí? Kí ló tún yẹ kó wà níbẹ̀?"

Míìsì Béfánì fa àga kékeré kan, ó jókòó tì mí. Bó ṣe jókòó ni a gbọ́ ohùn kan láti ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́.

"Èmi náà. Òkùnkùn ni."

Àwẹ̀ró kò tíì jáde. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún olùkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá: "Màmá Ìwó, mo rò pé inú orí mi ló bàjẹ́. Gbogbo wọn ń rí i, èmi nìkan ni n kò rí i."

Mo na ọwọ́ sí i, ó wá dúró láàárín orúnkún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi gan-an. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé, "Mo ń rí i bí ẹni pé ó wà níwájú mi." Ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ ni mo pè é, bí ìgbà tí èèyàn bá ní ebi ń pa òun kú. Àṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń rí i! Àṣé gbogbo ọjà Ìwó, àwọn aláṣọ, àwọn aláta, àwọn ọmọ tó ń gbé igbá, olúkúlùkù wọn ló ní àwòrán tó ń gbé kiri nínú orí, èmi ń bá wọn nájà, n kò sì mọ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa ló ní yàrá kan sí i, àfi tiwa.

Míìsì Béfánì ní kò sí ohun tó ṣe wá. Ó ní àwọn kan ń rí àwòrán tó mọ́ kedere, àwọn kan ń rí òjìji, àwọn díẹ̀ kò sì rí nǹkan kan rárá, òun gbọ́ nípa rẹ̀ rí ṣùgbọ́n òun kò tíì bá irú wọn pàdé.

"Tàbí kí n sọ pé n kò mọ̀ pé mo ti bá wọn pàdé," ó ní, ó ń wo Àwẹ̀ró. "A ní kó máa wá nǹkan níbi tí kò sí, ojú sì ń tì í láti sọ pé òun kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń kàwé, Ṣífáwù. Báwo lẹ ṣe ń rántí ọ̀rọ̀?"

"N kò mọ̀."

"Kí ni ìka yín ń ṣe yẹn?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ìka ìlábẹ̀ mi ń rìn lórí ìró mi, lórí itan. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ tó wà lára pátákó. N kò rán an níṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí wàláà, pákó tí a fi ń kọ́ kéwú: Àfáà tó di ọrùn ọwọ́ mi mú, tó ń fi kàlámù tọ lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà, ẹnu wa tó ń pe ohùn rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń lọ, omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ kúrò, kí a tó tún un kọ. Ohun tí ojú mi kò lè tọ́jú, ọwọ́ mi ti bá mi tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Mo fi bí a ṣe ń ṣe é hàn án. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó jáde, ó sì gbé àwo pẹrẹsẹ kan tó kún fún iyanrìn wọlé.

Bàbá Kúdírátù

Nígbà tí mo délé, Kúdírátù ń bó ànàmọ́ òyìnbó. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

"Kúdí, tí mo bá ní ọsàn, kí lo rí?"

"Ọsàn. Wọ́n ti bó o, wọ́n ti gé orí rẹ̀."

"O rí i?"

"Ta ni kì í rí i, Màámi?"

Mo ní èmi àti ọmọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbé ọ̀bẹ dúró, ó ń wò mí bí ẹni pé mo ti ń fi ẹsẹ̀ kan rìn láti ọjọ́ yìí tí òun kò sì kíyè sí i. Mo wá béèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti ìgbà tí mo ti kúrò ní iléèwé.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Ọkọ mi ti kú kí Kúdírátù tó relé ọkọ. Kúdírátù kò tiẹ̀ di ojú. Ó na ọ̀bẹ sí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

"Ẹ wò wọ́n níbẹ̀ yẹn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Fìlà wọn tẹ̀ sósì. Wọ́n ń fi igi tayín."

Mo yíjú. Kóòtù Àwẹ̀ró ló wà lórí àga náà.

"Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?"

"Bùbá aláwọ̀ eérú yẹn, èyí tí ẹ ṣe ọnà sí lọ́rùn."

Mo mọ bùbá náà. Mo mọ iye ọjọ́ tó gbà mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ mi jáde nílé, n kò tíì rí i mọ́, bí kò ṣe nínú fọ́tò. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ikú ṣe rí fún gbogbo èèyàn.

"Ṣé wọ́n ń rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Màámi."

"Bá mi kí wọn."

"Bàámi," ó sọ fún àga náà, "Màámi ní kí n kí yín." A bú sẹ́rìn-ín àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó mú ànàmọ́ mìíràn.

Mo mọ ikọ́ ọkọ mi, mo mọ bó ṣe ń gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. N kò ní sọ pé ohun tí mo ní kéré. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yà mí di òní, pé ọmọ tí mo bí, tí mo wẹ̀, tí mo di irun rẹ̀, inú orí rẹ̀ kún fún àwọn èèyàn tó ń rìn, tí aṣọ wà lọ́rùn wọn, èmi ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀.

Lójú títì

Iyanrìn ni wọ́n ń lò ní iléèwé. Nílé, gàrí ni mo dà sínú tíréè. Àwẹ̀ró á fi ìka kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa pe ohùn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a ó gbọn tíréè kó parẹ́, a ó tún un kọ.

"Màámi, gàrí tí mo rà lọ́nà tó jìn!" Kúdírátù ń pariwo.

"A ò ní fi ṣòfò." Bí a bá ti parí, a ó rẹ ẹ́ mu. Ní Ìwó, wọ́n a máa mu omi wàláà kí ìmọ̀ lè jókòó síni nínú. Èmi àti Àwẹ̀ró mu gàrí.

Síbẹ̀ kò yá. Ohun tó bá kọ sínú gàrí kò ní dá a mọ̀ nínú ìwé. Ọjọ́ tí mo máa padà ń sún mọ́lé. Kúdírátù ti ń ká aṣọ Àwẹ̀ró sínú báàgì díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣe é nígbà tí ọmọ kò bá sí nílé. Ọmọ náà mọ̀. Ó bi mí pé ṣé àgùntàn wà ní Ìwó. Mo ní ó wà. Ó ní, "Wọ́n dára bíi tibí?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti iléèwé, Àwẹ̀ró dúró lójijì ní ọ̀nà tó lọ sí ilé wa. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ̀rọ̀ kan sójú títì níbẹ̀, ní èdè tiwọn tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé. ARAF. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn ju Àwẹ̀ró lọ. Ojoojúmọ́ ni a ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ó wo lẹ́tà àkọ́kọ́, ó gbé bàtà rẹ̀ lé ìdí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín: ó gun ún lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó padà wá gba àárín kọjá. Ẹnu rẹ̀ ń pe ohùn rẹ̀. Ó bọ́ sí èkejì.

Mo gbọ́ ohùn ọkọ̀. Mo sáré di apá rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ògbólógbòó Bàbá Ìdíríìsì ni. Ó ti dúró, ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ orí síta.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ṣífáwù. Lẹ́tà méjì péré ló kù fún un."

Ọkọ̀ mìíràn dé lẹ́yìn rẹ̀, ó fun fèrè. Bàbá Ìdíríìsì na ìka sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. "Ṣé ìwọ ò lè kàwé ni?" ó kígbe sí onítọ̀hún. Ìyẹn wolẹ̀, ó yọwọ́ lórí fèrè.

Ọkọ̀ méjì dúró, èmi dúró, àgùntàn ń wò wá láti orí òkè, ọmọ kan sì ń fi ẹsẹ̀ tọ ọ̀rọ̀ lójú títì. Ó parí lẹ́tà kẹrin. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un rìn, lọ́tẹ̀ yìí kíákíá.

"A-r-a-f," ó ní. "Araf." Ó gbójú sókè. "Màmá Ìwó! Rọra ni! Rọra ni wọ́n kọ síbí!"

Bàbá Ìdíríìsì fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ títí, ẹni tó wà lẹ́yìn náà fun tirẹ̀. N kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì. Ní ẹ̀yìn ìlú, pátákó kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwẹ̀ró wò ó láti ojú fèrèsé. "Araf," ó ní jẹ́ẹ́, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Nínú bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mira díẹ̀díẹ̀: sókè, sísàlẹ̀, gba àárín kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ewúrẹ́ wá ṣí. N kò ní sọ pé ó ṣí bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó dá ọ̀kan mọ̀, ó pàdánù méjì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí kò rí rí, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀ kó tó pè é. Ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Kò dùn létí rárá bíi ti ìgbà tó ń ké e lórí. Kúdírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnbẹ̀. Nígbà tí ọmọ parí ìlà kejì, Kúdírátù yí ojú ewé méjì papọ̀ bíi ti ìjọsí. Àwẹ̀ró dákẹ́. Ó wo ojú ewé tuntun náà, ó wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ ti fo ibì kan."

Kúdírátù jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó lọ kó àwọn aṣọ inú báàgì síta, ó ń tò wọ́n padà sí àyè wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò wojú mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó lọ," ó ní.

Ọwọ́ òsì mi

Bàbá Ìdíríìsì gbé búrẹ́dì aládùn tó ní èso gbígbẹ nínú wá fún mi láti mú lọ sílé. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀. Mo yára bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí tiwọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdúró rẹ̀ lójú títì. Ó ní kò tọ́pẹ́, pé òun ti ń wa ọkọ̀ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà èwe òun, ọjọ́ yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, Àwẹ̀ró di ìró mi mú.

"Màmá Ìwó, tí ẹ bá délé, tí ẹ di ojú yín, ẹ ò ní rí mi."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí. Mo gbé ọwọ́ dá a dúró. Èmi àti ọmọ yìí la jọ mọ òkùnkùn náà; n kò lè purọ́ fún un nípa rẹ̀.

"N ò ní rí ẹ," mo ní. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ẹ́."

Ó rò ó. Kò tó o. Ó gba ọwọ́ òsì mi, ó ṣí i, ó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà, ó ń pe ohùn wọn bó ṣe ń lọ. Ó rántí fi àmì sábẹ́ lẹ́tà tó yẹ, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kó lè dun mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ká àwọn ìka mi lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má tètè fọ ọwọ́ yìí o," ó ní. "Tó bá sì parẹ́, ẹ tún un kọ."